Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Àgbàṣe: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìbẹ̀rẹ̀ Líìgì Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n ti Àwọn Obìnrin

1.0 Ìfáárà

Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní basikẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe eré àbáláyé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1891 ni James Naismith dá a sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1893, Senda Berenson ti ń fi eré náà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lára yá ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Smith. Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé àwọn obìnrin kò pẹ́ lẹ́yìn àwọn ọkùnrin nínú gbígbá bọ́ọ̀lù yìí. Síbẹ̀, ó gba ọdún 85 gbáko kí líìgì kan tó dìde ní Amẹ́ríkà tí ó ń san owó iṣẹ́ fún àwọn obìnrin. Líìgì náà kò sì ṣe ju sáà mẹ́ta lọ tí ó fi túká.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, kí ni ó máa ń pa líìgì àwọn obìnrin ní rèwerèwe, kí sì ni ó máa ń dá a sí? Èsì tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé àwọn òǹwòran kò ka eré obìnrin sí, tàbí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn kò tíì dáńtọ́. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú èsì méjèèjì. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé irú àdéhùn tí ó wà láàrin àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó máa ń sọ bí ọjọ́ líìgì yóò ti pẹ́ tó. Láti mú kí kókó yìí yé ni, iṣẹ́ yìí yá ọ̀rọ̀ mẹ́ta lò láti inú ètò iṣẹ́ àgbẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Ìlá-Ọ̀ràngún àti gbogbo agbègbè Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni àáró, ọ̀wẹ̀ àti àgbàṣe.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

2.1 Àáró

Àáró jẹ́ àjọṣe láàrin àwọn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí àwọn àgbẹ̀ mẹ́fà bá jọ ń ṣe àáró, wọn yóò jùmọ̀ ro oko ẹnì kìíní lónìí, wọn yóò ro ti ẹnì kejì ní ọjọ́ mìíràn, títí tí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bá ro oko tirẹ̀ tán, tí ó wá ń sá fún oko ẹlòmíràn, ti jẹ gbèsè. Ojú kì í kúrò lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í pè é nígbà tí àáró mìíràn bá bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó gbé àáró ró ni ọjọ́ tí kì í yẹ̀ àti ìyà tí ó wà fún ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́.

2.2 Ọ̀wẹ̀

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ fún, bóyá ilé ni ó fẹ́ mọ tàbí oko àna ni ó fẹ́ ro, yóò bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Wọn yóò wá, wọn yóò ṣiṣẹ́, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì padà sí ilé wọn. Ìfẹ́ àti iyì ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n ni ó mú wọn wá. Bí wọn kò bá wá lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

2.3 Àgbàṣe

Àgbàṣe ni iṣẹ́ tí a fi owó ṣe àdéhùn lé lórí. Alágbàṣe kò retí pé kí olóko wá ro oko tirẹ̀. Owó ni ó ń retí. Bí olóko kò bá sanwó, alágbàṣe yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ kúrò lóko.

2.4 Bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe bá líìgì mu

Agbábọ́ọ̀lù tí ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun jẹ́ alágbàṣe. Onígbọ̀wọ́, ìbáà ṣe ilé ìfowópamọ́ tàbí ọlọ́lá kan, jẹ́ ẹni tí a bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò lè jẹ́ ohun mìíràn sí ara wọn ju ẹlẹ́gbẹ́ àáró lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Aláṣọ tí ó wà lọ́jà lè máa tà lọ kódà bí ìsọ̀ aládùúgbò rẹ̀ bá kógbá sílé. Bóyá ọjà tirẹ̀ ni yóò tún yá sí i. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan kò lè dá eré gbá. Bí ẹgbẹ́ méjì bá kógbá sílé láàrin sáà, gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ni ó pàdánù ọjọ́ eré àti owó ìwọlé ọjọ́ náà. Níbi tí àwọn olówó ẹgbẹ́ bá ti gbàgbé èyí, tí oníkálukú ń ro oko tirẹ̀ nìkan, líìgì ti bẹ̀rẹ̀ sí kú.

3.0 Líìgì Àkọ́kọ́: WBL, 1978 sí 1981

Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1972, tí a mọ̀ sí Title IX, ni ó la ọ̀nà sílẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ eré ìdárayá rárá. Ohun tí ó sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú láàrin ọkùnrin àti obìnrin. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí kó owó lé eré àwọn obìnrin. Ní ọdún 1976, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti àwọn obìnrin wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Montreal.

Bill Byrne, agbátẹrù eré ìdárayá kan ní Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, rí i pé àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí yóò jáde ní yunifásítì láìní ibi tí wọn yóò ti gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni ó dá Women's Professional Basketball League, WBL, sílẹ̀. Ẹgbẹ́ 8 ni ó bẹ̀rẹ̀. Eré àkọ́kọ́ wáyé ní Milwaukee ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1978, níbi tí Chicago Hustle ti fi 92 sí 87 borí Milwaukee Does. Òǹwòran 7,824 ni ó wá wo eré náà. Iye yìí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ wo eré obìnrin.

Ìkùnà líìgì yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ó jọ àṣeyọrí. Ní sáà kejì, ẹgbẹ́ 8 di 14. Owó tí ẹni tí ó ń ra àyè wọlé ń san jẹ́ owó tí ó dùn ún gbà lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní agbára àtigbé ẹgbẹ́ ró fún ọdún méjì. Ẹgbẹ́ méjì, Washington Metros àti Philadelphia Fox, kógbá sílé kí sáà náà tó parí. Àwọn tí ó kù sì ní àlàfo nínú ètò eré wọn.

Ohun tí ó tún yẹ fún àkíyèsí ni ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó gba ife. Houston Angels ni ó gba ife ní ọdún 1979, New York Stars ni ó gbà á ní ọdún 1980. Nígbà tí sáà 1980 sí 1981 bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Nínú ẹgbẹ́ 8 tí ó bẹ̀rẹ̀ líìgì, mẹ́ta péré ni ó gbá sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Chicago Hustle, Minnesota Fillies àti New Jersey Gems. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ọ́gbá ni ó ń dá ẹgbẹ́ sí, àwọn tí ó gba ife ni kì bá kọ́kọ́ kú.

Ìjàǹbá mìíràn ti òde wá. Àwọn aláṣẹ líìgì ti fọkàn sí i pé ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1980 ní Moscow yóò sọ àwọn agbábọ́ọ̀lùbìnrin Amẹ́ríkà di ìlú-mọ̀ọ́ká, ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀ láti lọ. Lóòótọ́ WBL ní àwọn tí orúkọ wọn ròkè: Ann Meyers gbá fún New Jersey Gems, Nancy Lieberman sì gbá fún Dallas Diamonds. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í san gbèsè. Ní oṣù Kẹta ọdún 1981, àwọn agbábọ́ọ̀lù Minnesota Fillies fi pápá sílẹ̀ ní Chicago nítorí owó iṣẹ́ wọn tí wọn kò rí gbà. Alágbàṣe gbé ọkọ́ rẹ̀ kúrò lóko. Nebraska Wranglers ni ó gba ife ìkẹyìn ní ọdún náà, líìgì sì túká.

4.0 Líìgì Méjì Tí Ó Tẹ̀lé E: ABL àti WNBA

Lẹ́yìn ọdún 15, líìgì méjì dìde ní àsìkò kan náà. ABL bẹ̀rẹ̀ eré ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Owó tí ó ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé eré tirẹ̀ ni ó gbóná jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, láàrin sáà rẹ̀ kẹta, ó kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́, ó sì parí síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ tí ó jọjú dára, ṣùgbọ́n bí àpò tí ó ti ń jáde kò bá jìn, kò lè tọ́jọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá àti àwọn onígbọ̀wọ́ ti wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì.

Ẹnìkejì náà ni WNBA. Ìgbìmọ̀ àwọn olówó ẹgbẹ́ NBA, líìgì àwọn ọkùnrin, ni ó fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1996. Eré àkọ́kọ́ wáyé ní Los Angeles ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1997, New York Liberty sì fi 67 sí 57 borí Los Angeles Sparks lójú òǹwòran 14,284. Ẹgbẹ́ 8 ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí WBL ti ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé WNBA kò ta àyè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Títí di ìparí ọdún 2002, NBA ni ó ni gbogbo ẹgbẹ́ náà lápapọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá pàdánù owó, àpò gbogbogbò ni ó ń gbé e.

Kí a má baà ṣì í lóye, èyí kì í ṣe àáró gan-an. Ó sún mọ́ oko ẹbí tí ó wà lábẹ́ baálé. Oko ẹbí máa ń dáàbò bo ọ̀gbìn tí kò tíì ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ọwọ́ baálé ni àṣẹ wà lórí ẹni tí yóò jẹ àti ìwọ̀n tí yóò jẹ. Nítorí èyí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù fi dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1998, tí wọ́n sì bá líìgì ṣe àdéhùn àkọ́kọ́ ní ọdún 1999. Níbi tí olówó kan ṣoṣo bá ti ń gba alágbàṣe, àfi kí àwọn alágbàṣe náà ní ohùn kan. Nneka Ogwumike, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó di ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yìí ní ọdún 2016.

Lẹ́yìn ọdún 2002, WNBA fi ẹgbẹ́ lé àwọn olówó lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ikú tí ó pa àwọn ẹgbẹ́ WBL sì bẹ̀rẹ̀ sí padà wá. Miami Sol àti Portland Fire kógbá sílé ní ọdún 2002, Cleveland Rockers tẹ̀lé wọn ní ọdún 2003. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti Houston Comets. Ẹgbẹ́ yìí ni ó gba ife mẹ́rin àkọ́kọ́ léraléra, láti ọdún 1997 títí dé 2000. Síbẹ̀ ó túká ní ọdún 2008 nígbà tí kò rí ẹni tí yóò rà á. Àmọ́ líìgì fúnra rẹ̀ kò kú. Ó ti lo sáà mẹ́fà lábẹ́ àpò kan, ó ti ní ọjọ́ eré tí kì í yẹ̀, ó sì ti ní àdéhùn tí ó de tọ̀túntòsì.

5.0 Ìrírí Nàìjíríà

5.1 Àwọn tí ó ń bọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù

Ní Nàìjíríà, ìtàn líìgì àwọn obìnrin kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tí ó ń wá èrè. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ First Bank ni ó ni ẹgbẹ́ tí àwọn òǹwòran ń pè ní Elephant Girls ní Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ń bọ́ Sunshine Angels ti Àkúrẹ́. Àwọn ọlọ́pàá, àwọn aṣọ́bodè àti àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ìjọ Mountain of Fire and Miracles náà ní ẹgbẹ́ kan. Olóògbé Wale Aboderin, tí ó jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch títí di ìgbà tí ó kú ní ọdún 2018, ni ó dá Dolphins sílẹ̀ ní Èkó. Lókè gbogbo wọn, Zenith Bank ni ó fi orúkọ àti owó rẹ̀ ti líìgì náà lẹ́yìn fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Kò sí àní-àní pé àwọn wọ̀nyí ṣe gudugudu méje. First Bank gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2003, ó sì tún gbà á ní ọdún 2009. Ọdún 2003 yìí kan náà ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, tí ó wá di D'Tigress, kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà ní Maputo. Ní Athens ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ náà fi 68 sí 64 borí Kòríà, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin kan láti Áfíríkà yóò borí nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíḿpíìkì.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a túmọ̀ lókè wò ó, yóò rí i pé ọ̀wẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ kò wà nítorí bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀gá tuntun bá dé, ó lè yí owó náà sí ibòmíràn. Gómìnà tí ó fẹ́ràn eré ìdárayá yóò lo sáà rẹ̀, yóò lọ. Ọlọ́lá tí ó ń fi owó ara rẹ̀ bọ́ ẹgbẹ́ yóò kú lọ́jọ́ kan. Olúkúlùkù wọn ń bá líìgì ṣe, ṣùgbọ́n kò sí okùn tí ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

5.2 Ìjà àwọn aláṣẹ

Àìsí okùn yìí hàn nígbà tí ìjà dé. Ní ọdún 2017, ìdìbò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú ìgbìmọ̀ méjì jáde, ti Musa Kida àti ti Tijjani Umar, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń pe ara rẹ̀ ní àjọ tí ó ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìdìbò méjì tún wáyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà yóò yẹra fún gbogbo ìdíje àgbáyé nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ọdún méjì. D'Tigress, tí ó ti gba ife Áfíríkà ní ọdún 2021 tí ó sì ti gba àyè sí ìdíje àgbáyé ní Sydney, pàdánù àyè náà. Mali ni FIBA fi rọ́pò rẹ̀. Ìjọba yí ìpinnu rẹ̀ padà ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún ìdíje náà. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a.

6.0 Àtakò Kan àti Ìdáhùn Rẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé, bí líìgì ilé bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, báwo ni D'Tigress ṣe gba ife Áfíríkà ní ọdún 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025 léraléra? Báwo ni ó ṣe di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò dé ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíḿpíìkì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní Paris ní ọdún 2024 lábẹ́ Rena Wakama?

Ìbéèrè náà lágbára, ṣùgbọ́n ìdáhùn wà. Oko ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbin púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú ìkórè yẹn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tàbí tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ibẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹun nínú líìgì ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ti Amẹ́ríkà. Wakama pàápàá, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí ọmọ tí ó wà ní àjò wá gba ife fún ilé bàbá rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí ilé má lè tọ́ ọmọ tí ó wà nílé. Arike Ogunbowale, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni Dallas Wings mú ní ipò karùn-ún nígbà tí WNBA ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọdún 2019. Ọmọbìnrin tí ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lè wà ní ilé-ìwé gíga kan ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà tí ó tọ́ láti pápá ilé-ìwé dé ibi owó iṣẹ́. Ti èkejì, bí kò bá rí ẹni tí yóò mú un lọ sí Èkó tàbí Àbújá, ọjọ́ tí ó bá ṣe ìdánwò àṣekágbá ni eré rẹ̀ parí.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò fi ohun mẹ́ta hàn. Èkíní, ife kì í dá ẹgbẹ́ sí: Houston Angels, New York Stars àti Houston Comets jẹ́rìí sí i. Èkejì, ọ̀wẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ líìgì, ṣùgbọ́n kò lè gbé e ró. Ẹni tí ó wá nítorí ìfẹ́ lè lọ láìjẹ̀bi. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó ń mú líìgì dàgbà ni ọjọ́ eré tí kì í yẹ̀, àpò tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń dá sí, àti ìyà tí ó dájú fún ẹni tí ó bá da àdéhùn.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta ìkẹyìn yìí tí ó gba owó ilé ìfowópamọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ilé-ìwé gíga mẹ́fà tàbí méje ní Ọ̀ṣun Ìgbómìnà bá fohùn ṣọ̀kan pé ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò gba àwọn yòókù lálejò ní ọjọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí, pé wọn yóò jọ dá owó ọkọ̀, àti pé ilé-ìwé tí ó bá pa ọjọ́ jẹ yóò san án padà, líìgì ti bẹ̀rẹ̀ ná. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó ń tọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, lè jẹ́ ibi tí wọn yóò máa kó ìwé ìdíje náà pa mọ́ sí. Onígbọ̀wọ́ tí ó bá dé lẹ́yìn náà yóò bá ohun tí ó dúró; bí ó bá sì lọ, yóò fi í sílẹ̀ ní ìdúró. Ètò yìí kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó lọ́dún kìíní. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó bá wà níbẹ̀ yóò mọ ọjọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, yóò mọ ẹni tí yóò bá gbá a, yóò sì mọ̀ pé wọn yóò wá.